Ìgò Abẹ́rẹ́ Tó Kù Sínú Fíríìjì: Bí Ìdílé Kan ní Ìlọrin Ṣe Di Ẹrù Ìsinmi

Báàgì mọ́kànlá ni mo bá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wọn lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìrìnàjò. Wọ́n ti so gbogbo rẹ̀ lẹ́nu, wọ́n ti lẹ orúkọ ẹni tó ni ín mọ́ ọn lára, wọ́n sì tò wọ́n ti ògiri láti orí èyí tó tóbi jù dé orí èyí tó kéré jù. Ìwé tí ìyá ilé kọ ẹrù sí, ojú ewé méjì gbáko, wà lórí tábìlì; kò sí ohun kan tó kọ síbẹ̀ tí kò fi bírò pupa sàmì sí. Mo wò ó títí, inú mi dùn, mo lọ sùn pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́wàá kọjá díẹ̀ ní ọjọ́ kejì, a ti wà lẹ́bàá ọ̀nà ní Òmù-Àrán, ìyá àgbà ilé náà káwọ́ lé itan, kò sọ̀rọ̀, ìgò abẹ́rẹ́ tó ń gbà lójoojúmọ́ sì wà nínú fíríìjì ní Ìlọrin.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa bá ìdílé àti ẹgbẹ́ ṣètò ìrìnàjò ìsinmi. Mo ń bá wọn wá ọkọ̀, mo ń bá wọn gba ilé tí wọ́n máa sùn, mo sì máa ń bá wọn lọ bọ̀. Àwọn tó ni ọ̀rọ̀ yìí ló ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n ní kí n ṣáà má dárúkọ àwọn. Mo kọ ọ́ fún àwa tí a jọ ń ṣiṣẹ́ yìí, nítorí ẹ̀bi tèmi wà nínú rẹ̀, n kò sì fẹ́ kí ẹlòmíràn tún un ṣe.

Ilé náà àti ẹrù wọn

Ìyá àgbà ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tí tilé tòde ń pè ní Alhaji, ló ni ilé. Ìyàwó Alhaji, tí mo ń pè ní ìyá ilé nínú ọ̀rọ̀ yìí, ló ń ṣètò gbogbo nǹkan. Àbúrò Alhaji obìnrin mú ọmọ rẹ̀ méjì wá láti Ọ̀fà, ọmọ mẹ́rin sì wà nílé tẹ́lẹ̀. Ènìyàn mẹ́wàá nìyẹn. Dírẹ́bà àti èmi ni a sọ ọ́ di méjìlá.

Omi Òwu tó ń já láti orí àpáta ní Ọ̀wá Kájọlà ni àwọn ọmọ kọ́kọ́ ń pariwo rẹ̀, ṣùgbọ́n orúnkún Ìyá kò gba irú ìrìn bẹ́ẹ̀. Ìkógòsí ní Èkìtì ni a fẹnu kò sí, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń sun lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí wọ́n tó pàdé. Ìyá ní bí òun bá ti rí omi gbígbóná yẹn ki ẹsẹ̀ bọ̀, òun ò béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjọ́ mẹ́rin ni a máa lò, a sì máa gbéra ní ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn Iléyá.

Ẹ̀rù ìgbàgbé ń ba ìyá ilé gan-an. Nígbà kan tí wọ́n ń lọ sí Àbújá, àbíkẹ́yìn wọn ṣì ń mu mílíìkì, wọ́n sì gbàgbé mílíìkì ọmọ àti ike tó fi ń mu ún sílé. Ilẹ̀ ṣú bá wọn ní Lọ́kọ́ja, ọmọ ń ké, kò sí ṣọ́ọ̀bù tó ṣí. Ó ní láti ọjọ́ náà lòun ti pinnu pé òun ò ní í gbẹ́sẹ̀ jáde nílé mọ́ láìkọ ẹrù sílẹ̀. Ọjọ́ mẹ́wàá gbáko kí a tó gbéra ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ tọ̀tẹ̀ yìí.

Ó kọ ọ́ dáadáa. Aṣọ wà lọ́tọ̀, oúnjẹ wà lọ́tọ̀, ohun ìwẹ̀ wà lọ́tọ̀. Ó rántí aṣọ òtútù, torí àárín òkè ni Ìkógòsí wà. Ó rántí agbòjò, àwọ̀n ẹ̀fọn, tọ́ọ̀ṣì, àti owó kéékèèké fún ibi tí POS kò bá ti ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ó tilẹ̀ ní kí dírẹ́bà fi sípíà táyà àti jáàkì han òun. Lábẹ́ "Oògùn", ó kọ oògùn ibà, oògùn inú rírun, bándéèjì, lẹ́yìn náà ó kọ "Oògùn Ìyá". Ìlà kan ṣoṣo.

Ẹ jẹ́ kí a dúró lórí ìlà yìí díẹ̀. Ìyá ní àtọ̀gbẹ, ó sì ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ohun tí ilé yẹn ń pè ní oògùn Ìyá pé oríṣi mẹ́rin: oníhóró ti àtọ̀gbẹ, oníhóró ti ẹ̀jẹ̀ ríru, sìríńjì pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń yẹ ṣúgà ara wò, àti ìgò ínsúlíìnì, abẹ́rẹ́ àtọ̀gbẹ tó ń gbà lójoojúmọ́. Nígbà tó ku ọjọ́ méjì, àbúrò Alhaji kó mẹ́ta àkọ́kọ́ sínú ọ̀rá funfun kan, ó kì í bọ ìsàlẹ̀ báàgì Ìyá, ó sì ké láti inú yàrá pé, "Mo ti kó oògùn Ìyá o!" Ìyá ilé fa bírò pupa yọ, ó sàmì. Ẹni tó ké kò purọ́, ẹni tó sàmì náà kò purọ́. Ìgò ínsúlíìnì ṣì wà nínú fíríìjì, torí ibẹ̀ ni gbogbo wọn mọ̀ pé ó ń gbé, Ìyá sì ṣì máa lò ó ní alẹ́ méjì àti òwúrọ̀ méjì kí a tó gbéra. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí bírò pupa ti kan ìlà yẹn, ojú gbogbo ilé ti kúrò lára rẹ̀.

Òwúrọ̀ ọjọ́ náà

Wọ́n ti mú iná lọ kí a tó kírun Àsùbáà. Fóònù ni wọ́n fi ń ríran káàkiri ilé. Láàárín aago márùn-ún àbọ̀ sí aago méje, ènìyàn mẹ́wàá wẹ̀, wọ́n múra, wọ́n jẹ ẹ̀kọ àti àkàrà, wọ́n wá ẹsẹ̀ bàtà ọmọ kan títí kí wọ́n tó rí i lábẹ́ àga. Ìyá tú báàgì rẹ̀, ó mú sìríńjì kan, ó fi ẹ̀rọ yẹ ṣúgà rẹ̀ wò, ó dá ẹ̀rọ padà sínú báàgì, ó ṣí fíríìjì, ó mú ìgò, ó fa oògùn, ó gún un sí ikùn rẹ̀ bó ṣe ń ṣe láti ọdún mẹ́fà wá. Ó dá ìgò padà sí àyè rẹ̀ lára ilẹ̀kùn fíríìjì, ó pa á dé. Nígbà tí mo bi í léèrè lẹ́yìn náà, ó ní, "Ọmọ mi, ọwọ́ mi ló dá a padà, èmi kọ́." N kò tíì gbọ́ àlàyé tó dára jù yẹn lọ nínú gbogbo ọdún tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni ti ẹran Iléyá. Ẹran díndín wà nínú fírísà, lókè fíríìjì kan náà yẹn, ìyá ilé ò sì gbàgbé rẹ̀. Láti alẹ́ ló ti gbé kúlà pupa kan kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ṣí ìdérí rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu. Gbogbo ẹni tó ń kọjá ló ń fẹ́ẹ̀ kọsẹ̀ lára rẹ̀. Ní aago mẹ́fà àbọ̀ ó ṣí ilẹ̀kùn òkè, ó kó ẹran sínú kúlà, ó dé e. Kò ṣí ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀. Kí ló fẹ́ wá débẹ̀? Ìwé ti sọ pé oògùn Ìyá ti wà nínú báàgì.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ kúlà yẹn sọ́kàn, a ó padà sí i.

Èmi náà ti dé ní aago mẹ́fà. Ìbéèrè tí mo máa ń bi gbogbo ìdílé ni mo bi wọ́n: "Ṣé gbogbo ẹrù ti pé?" Wọ́n ní ó ti pé. Mo ka báàgì, ó jẹ́ mọ́kànlá pẹ̀lú kúlà kan, mo sì ní ká máa lọ. Ìbéèrè tí ènìyàn lè dáhùn pẹ̀lú "bẹ́ẹ̀ ni" láìronú kì í rán ẹnikẹ́ni létí ohunkóhun. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo ti ń bi àwọn ènìyàn ní ìbéèrè yẹn, tí mo rò pé iṣẹ́ ni mò ń ṣe.

Òmù-Àrán

A kọjá Àjàsẹ́-Ìpo, a kọjá Òrò, ẹ̀rín àwọn ọmọdé ló kún inú ọkọ̀. Ní Òmù-Àrán, a dúró láti ra búrẹ́dì àti omi. Oòrùn ti mú. Ọmọ Alhaji àgbà, ọmọbìnrin ọdún mẹ́tàlá, ló yíjú sẹ́yìn tó ní, "Ìyá àgbà, ẹ jẹ́ kí n bá yín gbé abẹ́rẹ́ yín sábẹ́ àga, oòrùn ti ń wọlé síbí."

Ìyá wo ojú ọmọ náà. Ó wo ìyàwó ọmọ rẹ̀. Ìyá ilé wo àbúrò ọkọ rẹ̀, ó ní, "Ṣebí ẹ ní ẹ ti kó oògùn Ìyá?" Ìyẹn dáhùn pé, "Mo kó èyí tó wà ní yàrá. Ẹ̀yin lẹ kó ẹran nínú fíríìjì, mo rò pé ẹ máa rí i." Ohùn ti fẹ́ máa le. Ìyá ló pa ọ̀rọ̀ náà: "Ẹ má bá ara yín jà. Èmi ni mo lò ó kẹ́yìn."

Ẹẹ̀mejì lóòjọ́ ni Ìyá ń gba abẹ́rẹ́ rẹ̀, kó tó jẹun àárọ̀ àti kó tó jẹun alẹ́. Ti àárọ̀ ti wọlé, ti alẹ́ ló kù, a sì ní bíi wákàtí mẹ́jọ níwájú wa. Mo sọ èyí sókè kí gbogbo ọkọ̀ lè gbọ́, torí mo rí i pé àwọn ọmọdé ti ń wo Ìyá bí ẹni tó fẹ́ ṣubú. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ yìí, nígbà tí irú nǹkan báyìí bá ṣẹlẹ̀, aago ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ mọ wákàtí tí ẹ ní kí ẹ tó mọ ohun tí ẹ máa ṣe.

Alhaji ní ká ṣẹ́rí padà. Mo bẹ̀ ẹ́ pé ká gbìyànjú ilé oògùn ná. Ọ̀kan wà nítòsí, obìnrin ni apòògùn ibẹ̀. Ó béèrè orúkọ ínsúlíìnì náà, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ìyá ní, "Tí mo bá yí i lọ́wọ́ báyìí, ó máa ń funfun bí omi wàrà." Apòògùn mi orí. Ó ní èyí tó wà lọ́wọ́ òun mọ́ gaara bí omi òjò. Kíá ló máa ń ṣiṣẹ́, kì í sì pẹ́ lára. Ti Ìyá, tó bá ń funfun bẹ́ẹ̀, ní èyí tó ń ṣiṣẹ́ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí nínú. Ó ní orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́, iṣẹ́ wọn yàtọ̀ síra. Ó béèrè ìwé ilé ìwòsàn. Ó wà nínú dúrọ́ọ̀ nílé. Ó béèrè bóyá ẹnì kan ya fọ́tò páálí rẹ̀ sórí fóònù, kò sí. Alhaji bẹ̀ ẹ́ pé kó ta èyí tó wà, pé alẹ́ kan péré ni. Ó kọ̀. Ó ní bí ṣúgà arúgbó bá já wálẹ̀ lóru nítorí oògùn tí kò yẹ é, oorun ni àwọn tó yí i ká máa rò pé ó ń sùn.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin yẹn títí dòní. Ó pàdánù ọjà, ó sì tún fún wa ní ìmọ̀ tí a kò san kọ́bọ̀ lé. Ó ní ìgò tí a kò tíì ṣí ni fíríìjì jẹ́ dandan fún, níbi tí òtútù wà láàárín ìwọ̀n 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Èyí tí a ti ṣí tí a ń lò, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn lè wà níta fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, bí ooru ibẹ̀ kò bá ti kọjá 25 sí 30, bí oòrùn kò bá sì kàn án. Ó ní ohun tó ń ba ínsúlíìnì jẹ́ jù ni kí ó dì bíi yìnyín: bó bá ti dì, kódà bó bá padà yọ́, dídà nù ni.

Ìyá ilé gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, ó jókòó sórí àga onígi tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Ìyẹn ni pé a ò bá ti kó o sínú báàgì Ìyá láti alẹ́ àná."

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Ọdún mẹ́fà ni ìgò tí wọ́n ti ṣí fi ń padà sínú fíríìjì lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Nílé, ohun tó dára ni, ooru Ìlọrin kì í ṣe eré. Ṣùgbọ́n fún ìrìnàjò, àṣà yẹn ló so ìgò náà mọ́ ilé títí di ìṣẹ́jú tí ọkọ̀ gbéra. Ká ní ẹnì kan nínú wa ti bi apòògùn kan léèrè láàárín ọjọ́ mẹ́wàá tí a fi kọ ẹrù sílẹ̀!

Wàyíbíìlì

Ó wá ku ká ránṣẹ́ sílé. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ obìnrin kan ládùúgbò tó ń bá wọn fún àwọn adìyẹ lóúnjẹ. Kí Alhaji tó pè é, mo dá gbogbo ọkọ̀ dúró, mo bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, àgbà àti ọmọdé: "Kí ni o lò láàárọ̀ yìí kí o tó jáde? Ibo ló wà báyìí?"

Bí wọ́n ṣe ń dáhùn, ẹnu ń yà mí. Gíláàsì ojú Alhaji wà lórí Àlùkùráánì, lórí ẹní tó ti kírun Àsùbáà. Ṣájà mẹ́ta wà lára ògiri; iná tí wọ́n mú lọ ló jẹ́ kí wọ́n gbàgbé pé àwọn kì í síbẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àwọn ọmọ wà nínú kọ́ọ̀bù ní balùwẹ̀, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Tẹ̀súbáà Ìyá wà lábẹ́ ìrọ̀rí. Gbogbo nǹkan wọ̀nyí wà nínú ìwé ojú ewé méjì yẹn, gbogbo rẹ̀ ló ní àmì pupa. Ìyá ilé ní nígbà tí òun ń sàmì sí ṣájà, òun ń wò ó níbi tó wà lára ògiri, ojú òun rí i, òun sì sàmì.

A wá yẹ báàgì wò. Agbòjò wà, àwọ̀n ẹ̀fọn wà, aṣọ òtútù pé, bándéèjì wà, tọ́ọ̀ṣì wà pẹ̀lú bátìrì rẹ̀. Kò sí ohun kan tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà tó kù sílé. Gbogbo ohun tó kù sílé ni wọ́n fọwọ́ kàn.

Mo kọ èyí sẹ́yìn ìwé ìyá ilé níbẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà. Mo ti ń bá ènìyàn di ẹrù tipẹ́, mo gbà pé ohun tí a kò kà sí pàtàkì la máa ń gbàgbé. Ohun tí mo rí lọ́jọ́ náà yàtọ̀. Oògùn, gíláàsì, búrọ́ọ̀ṣì, ṣájà: ohun tí a kò lè ṣe aláìlò títí di ìṣẹ́jú ìkẹyìn ni, ìdí nìyẹn tí kò fi lè wọ báàgì pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó di dandan kó wọlé nìkan, ní òwúrọ̀, nínú òkùnkùn, nígbà tí gbogbo ènìyàn ń kánjú.

Obìnrin àdúgbò wọ ilé náà pẹ̀lú fóònù létí. Ó ti da yìnyín kún fúláàsì kan, ó fẹ́ ju ìgò náà sí i láàárín, ni mo pariwo, "Ẹ dákun, ẹ má fi yìnyín kàn án!" Bí apòògùn ò bá ti ṣàlàyé fún wa ní ìdajì wákàtí ṣáájú, èmi gan-an ni ǹ bá ní kó kì í sínú yìnyín. Ó fi tówẹ̀lì kékeré gbígbẹ wé e, ó fi í sínú ike oúnjẹ, ó kó omi inú ọ̀rá tó tutù lásán, tí kò dì, yí ike náà ká nínú àpò. Ó kó gíláàsì, ṣájà, búrọ́ọ̀ṣì àti tẹ̀súbáà lé e. Ó gbé e lọ sí gáréèjì, ó wá ọkọ̀ tó ń lọ sí Òmù-Àrán, ó kọ nọ́ńbà Alhaji sára àpò, ó gba nọ́ńbà dírẹ́bà àti nọ́ńbà ọkọ̀, ó fi wọ́n ránṣẹ́ sí wa. Ìdajì owó ló san. Ìdajì tó kù, àwa ni a máa san nígbà tí ẹrù bá dé ọwọ́ wa. Ẹ má fi owó pé fún wàyíbíìlì oògùn láé kó tó dé.

Aago kan ọ̀sán kọjá kí ọkọ̀ náà tó dé. Ìyá ló kọ́kọ́ ṣí àpò. Ó yí ìgò náà lọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀, ó wò ó sí ìmọ́lẹ̀, ó funfun, kò ní kókó. Ó ní, "Alhamdulillahi." Ó tún di í sínú tówẹ̀lì rẹ̀, ó sì gbé e sí àyà.

Ìkógòsí àti ìpadàbọ̀

Ìrìn tó kù dára. A gba Ọ̀tùn wọ Èkìtì, a dé kí ilẹ̀ tó ṣú, Ìyá gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ lásìkò. Ní ọjọ́ kejì ó joyè etí omi: ó ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ inú èyí tó gbóná, kò sì fẹ́ kúrò níbẹ̀ mọ́. Àwọn ọmọ ń ki ẹsẹ̀ kan sí gbígbóná, ẹsẹ̀ kan sí tútù, wọ́n ń ké.

Ọkàn mi ṣì wà lọ́dọ̀ kúlà ẹran. Mo bi ìyá ilé pé kí ló dé tí kò gbàgbé ẹran. Ó ronú díẹ̀, ó ní, "Àǹtí, kúlà yẹn ló ń wò mí. Ó ṣófo, ó lanu." Ó rí i bó ṣe ń sọ ọ́. Nǹkan kan ti lanu de ẹran láti alẹ́, ẹnì kan sì mọ̀ pé òun ló máa kó o. Ìgò Ìyá kò ní nǹkan tó lanu dè é, kò sì ní ẹni tó ni iṣẹ́ náà.

Lálẹ́ ọjọ́ tó máa kẹ́yìn, a mú àpò aṣọ kan tó ṣófo, a fi kọ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn àbájáde, a là á lẹ́nu. A sọ fún gbogbo ilé pé láti ìgbà tí wọ́n bá ti jí, ohun tí ẹnikẹ́ni bá lò kò gbọ́dọ̀ padà sí àyè rẹ̀. Kí búrọ́ọ̀ṣì ti ẹnu bọ́ sínú àpò. Kí ṣájà ti ara ògiri bọ́ sínú àpò. A gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ dírẹ́bà, a ní kí Ìyá fi í sínú ike kan náà tí ìgò rẹ̀ wà. Dírẹ́bà kò lè gbéra láìkọ́kọ́ lọ bá Ìyá.

Ohun gbogbo tó kù ní Ìlọrin lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ló bá wa padà. Síbẹ̀, a dé Àrámọkọ kí àbúrò Alhaji tó rántí pé tówẹ̀lì méjì àti ṣòkòtò ìwẹ̀ ọmọ òun wà lórí okùn lẹ́yìn ilé. Wọ́n sá wọn sílẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́. Kò sẹ́ni tó lò wọ́n láàárọ̀, nítorí náà wọn ò dé inú àpò. Ibẹ̀ kò jìnnà, a padà lọ mú wọn, ṣùgbọ́n ó kọ́ mi pé àpò nìkan kò tó: ohun tó ń gbẹ, ohun tó ń tutù, ohun tó ń gba iná, gbogbo wọn wà níbi tí ojú ẹni tó ń di ẹrù kì í dé. Ó yẹ kí ẹnì kan rìn yí ilé ká lọ wo okùn aṣọ, fíríìjì àti gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn. Bí a ṣe ń bọ̀ nílé, a yà sí Èsìẹ́ lọ wo àwọn ère òkúta ní mùsíọ́mù tó ti wà láti 1945, èyí tó jẹ́ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Gíláàsì Alhaji wà lójú rẹ̀, ó ń ka àkọlé fún àwọn ọmọ.

Ohun tó yí padà nínú iṣẹ́ mi

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí mo bá sọ ìtàn yìí ló máa ń ní ká kọ ìwé tó gùn sí i. N kò gbà pẹ̀lú wọn. Ìwé ìyá ilé gùn tó. Ohun tó yẹ ni kí ìlà kan jẹ́ ohun kan. "Oògùn Ìyá" ti di ìlà mẹ́rin báyìí nínú ìwé tí mo ń fún àwọn ìdílé, ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ibi tó wà lọ́wọ́lọ́wọ́ àti orúkọ ẹni tó máa kó o. Àmì kò gbọ́dọ̀ wọlé torí pé ẹnì kan ké láti inú yàrá, tàbí torí pé ojú rí nǹkan lára ògiri. Ọwọ́ tó sọ nǹkan sínú báàgì ni kó sàmì.

Ẹni tó bá ń lo oògùn lójoojúmọ́, mo máa ń ní kí ẹni tó kéré jù tó ní fóònù nínú ilé ya fọ́tò páálí oògùn náà àti ìwé dókítà rẹ̀, kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ẹni méjì. Ìṣẹ́jú kan ni. Ká ní a ní fọ́tò yẹn ní Òmù-Àrán, apòògùn ì bá ti mọ ohun tó máa wá, ì bá sì ti lè pe ilé oògùn mìíràn fún wa. Mo tún máa ń ní kí wọ́n lọ bi apòògùn tiwọn ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú: èwo ló gbọ́dọ̀ wà nínú òtútù, èwo ló lè jáde, fún ọjọ́ mélòó.

Àwọn tó bá máa gbé ìgò tí wọn kò tíì ṣí rìn ní àsìkò ooru, bí oṣù kẹta, tí ibi tí wọ́n ń lọ kò sì ní iná tó ṣeé gbọ́kàn lé, mo ti ní kí wọ́n ra ìkòkò amọ̀ méjì, kékeré àti ńlá, ní Dada, ibi tí wọ́n ti ń mọ ìkòkò ní Òkèlele ní Ìlọrin. Wọ́n á gbé kékeré sínú ńlá, wọ́n á fi iyanrìn tútù sáàárín, wọ́n á fi aṣọ tútù bò ó, wọ́n á gbé e sí ibòji tí atẹ́gùn ń fẹ́. Omi tó ń gbẹ lára ìkòkò ló ń mú inú rẹ̀ tutù. Kò lè tutù bíi fíríìjì, àmọ́ ó sàn ju orí tábìlì lọ, ó sì ń ṣiṣẹ́ jù nígbà tí afẹ́fẹ́ bá gbẹ. Lásìkò òjò, agbára rẹ̀ máa ń dín kù.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù lójú mi ni pé n kò béèrè mọ́ bóyá ẹrù ti pé. Mo máa ń lọ sí ilé wọn lálẹ́, mo máa ń bi ẹnì kọ̀ọ̀kan, títí dé orí ọmọ ọdún mẹ́rin: "Kí ni o máa lò lọ́la kí o tó jáde?" Àwọn ọmọdé ló máa ń dáhùn dáadáa jù.

Ìdílé yìí tún pè mí lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Mo dé lálẹ́, báàgì wọn ti dín sí mẹ́jọ. Mo bi Ìyá ní ìbéèrè mi. Ó ka ìka rẹ̀: "Búrọ́ọ̀ṣì. Tẹ̀súbáà. Ìgò mi." Ó wá nawọ́ sí ilé ìdáná. Mo yọjú síbẹ̀. Àpò aṣọ kékeré kan wà lára ọwọ́ fíríìjì, ó ṣófo, ó lanu, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ Alhaji sì ti wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀.